Aràn Inú Ajá: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀, Oògùn Tí Ẹ Máa Lò, àti Ìdí Tó Fi Ń Padà

Ọ̀pọ̀ ilé tó ń sin ajá ní Iléṣà ló ti ra oògùn aràn rí. Wọ́n fún ajá lóògùn, aràn jáde, inú onílé dùn. Kó tó tó oṣù méjì, ajá ti tún rù, irun rẹ̀ ti tún le, wọ́n á wá ní oògùn náà kì í ṣe ojúlówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó pa aràn tó bá nínú ìfun lọ́jọ́ náà. Kò pa èyí tó ṣì ń rìn kiri nínú ẹran ara, kò sì kan ẹyin tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ajá àti ilẹ̀ tó ń sùn lé ni a jọ ń tọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá tọ́jú ajá tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ yóò máa ra oògùn títí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì gba aràn láyè gan-an. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ kòkó ni. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ìbòòji sì pọ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti lẹ́yìn balùwẹ̀. Irú ibẹ̀ gan-an ni ajá ń wá sùn sí nígbà ooru, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ aràn ń pọ̀ sí jù.

Aràn mẹ́rin, ìwà mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, torí oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan.

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni aràn gígùn funfun tó rí roboto, tí àwọn dókítà ń pè ní Toxocara canis. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 18, inú ìgbẹ́ tàbí èébì ọmọ ajá lẹ sì ti máa rí i. Inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o. Àwọn ọmọ aràn yìí máa ń sá pamọ́ sínú ẹran ara abo ajá fún ìgbà pípẹ́ láìyọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá lóyún, tí oyún náà sì ti tó bí ọjọ́ 42, wọ́n á jí, wọ́n á sì gba inú ibi ọmọ wọ ara àwọn ọmọ. Àwọn mìíràn á tún bá ọmú jáde. Nítorí náà, ọmọ ajá tí kò tíì fi ẹnu kan ilẹ̀ rí lè ti ní aràn tó dàgbà nínú ìfun kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ti ọmọ ajá, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí aràn. Ẹ gbà pé ó ní in.

Aràn ẹlẹ́nu-ìwọ̀, Ancylostoma caninum, ló burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ, ó tín-ín-rín, ẹ kì í sì sábà rí i nínú ìgbẹ́. Ó ní eyín tó fi ń gé ara ìfun, á máa mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ṣí lọ síbòmíràn, ojú ibi tó fi sílẹ̀ á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń gba ẹnu wọlé, ó ń gba ọmú ìyá, ó sì lè gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ àti awọ ikùn wọlé láti inú ilẹ̀ tútù tí ajá sùn sí. Ẹ lè rí ọmọ ajá tó ń dán, tó ń sanra ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí ẹnu rẹ̀ á ṣàdédé funfun, tí ara rẹ̀ á rọ, tó sì máa kú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ pé ẹnìkan ló fún un ní májèlé jẹ. Aràn yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀kẹta ni Trichuris vulpis. Iwájú rẹ̀ tín-ín-rín bí fọ́nrán irun, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, bí pàṣán, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní aràn onípàṣán. Ìfun ńlá ló ń gbé, ajá àgbà ló sì sábà máa ń yọ lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí ajá ti gbé ẹyin rẹ̀ mì títí dìgbà tó máa dàgbà tó sì máa yé ẹyin tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta.

Aràn pẹlẹbẹ ni ìkẹrin. Ìdí rẹ̀ máa ń já ní wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yìí á sì bá ìgbẹ́ jáde. Tí ẹ bá rí ohun funfun bí hóró ìrẹsì tó ń mira nídìí ajá tàbí lórí àkísà tó ń sùn lé, òun nìyẹn. Tó bá gbẹ, á di yẹ́lò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, Dipylidium caninum, kì í ti inú ilẹ̀ wá. Iná ajá, kòkòrò kékeré tó ń fò nínú irun yẹn, ló ń gbé e. Bí ajá bá ń fi eyín họ ara rẹ̀, á gbé iná náà mì. Oríṣi mìíràn ń wá láti inú eku àti ìfun ẹran tútù. Ajá ọdẹ tó ń bá olówó rẹ̀ lọ sóko ní ìhà Ìfẹ̀wàrà tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ju ìfun òkété sí lójú ẹsẹ̀, kò lè ṣe kó má ní in.

Ohun tí ẹ máa wò lára ajá

Ọmọ ajá tó ní aràn gígùn máa ń ní ikùn ńlá tó le, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí egungun ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ yọ síta. Irun rẹ̀ kì í dán. Ó ń jẹun dáadáa kò sì sanra. Ó lè máa wúkọ́, torí pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọmọ aràn ń gbà kọjá kó tó padà sínú ìfun. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun òkè, ẹ fura sí ẹlẹ́nu-ìwọ̀. Ìgbẹ́ tó ní ikun, tí ẹ̀jẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, tí ajá ń sáré lọ yà díẹ̀díẹ̀ léraléra, sábà máa ń jẹ́ ti ìfun ńlá, ìyẹn aràn onípàṣán.

Èrìgì ló ń sọ òótọ́ jù. Ẹ mú ajá jáde síta ní ojúmọmọ, ẹ gbé ètè òkè rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí èrìgì pọ́n fẹ́ẹ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tó fi funfun, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀; ó yẹ kí pupa padà kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Ọ̀pọ̀ ajá ilẹ̀ wa ló ní èrìgì dúdú, tí èyí kò fi ní ṣeé rí. Nírú èyí, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀. Tí ó bá funfun bí bébà, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ajá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn kẹ́míìsì mọ́.

Ajá tó ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń ka èyí sí àmì aràn, àmọ́ àpò òórùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí ló sábà máa ń kún, tó ń yún un. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko wò ó kí ẹ tó dà oògùn sí i lẹ́nu. Ajá àgbà sì lè ní aràn púpọ̀ nínú láìfi àmì kankan hàn.

Àìsàn méjì wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ṣàdédé kọ oúnjẹ, tó ń bì léraléra, tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tó sì ń rùn gan-an, parvovirus ló ṣeé ṣe kó mú un. Ajá tí eégbọn pọ̀ lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, ibà eégbọn ni. Oògùn aràn kò lè wo méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹ bá fi gbìyànjú rẹ̀ ni àìsàn á fi rí ààyè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: àyẹ̀wò ìgbẹ́

Ẹ bu ìgbẹ́ tuntun tó tó hóró ẹ̀pà mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí. Apá òkè ni kí ẹ bù, kì í ṣe ibi tó kan ilẹ̀, torí àwọn kòkòrò inú iyẹ̀pẹ̀ lè ṣi ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò lọ́nà. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ike. Tí kò bá ní lè dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì, kì í ṣe inú fírísà: nínú ooru tiwa, ẹyin ẹlẹ́nu-ìwọ̀ lè pa láàárín ọjọ́ kan, kò sì ní sí ẹyin tí wọ́n máa rí mọ́.

Wọ́n á pò ó mọ́ omi iyọ̀ tó ki, ẹyin á léfòó, wọ́n á sì fi máíkíróskóòpù wò ó. Ẹyin aràn pẹlẹbẹ kì í sábà léfòó, nítorí náà, tí ẹ bá ti rí wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì, ẹ sọ fún dókítà. Tí èsì bá ní kò sí nǹkan, kò túmọ̀ sí pé ajá mọ́. Aràn tí kò tíì dàgbà kì í yé ẹyin.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwọ̀n

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á wo ajá, wọ́n á ní "á tó kílò mẹ́wàá", ajá náà á sì jẹ́ 16. Oògùn tí kò tó á pa aràn aláìlera, á fi èyí tó le sílẹ̀ láti máa bí sí i.

Ẹ gun òṣùwọ̀n lẹ́yin nìkan, ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ gbé ajá mọ́ra, ẹ tún gùn ún. Tí ẹ bá jẹ́ kílò 64, tí ẹ̀yin àti ajá sì jẹ́ 77, ajá jẹ́ 13. Ọmọ ajá kéékèèké, ẹ fi sínú abọ́ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò. Ajá ńlá tí kò ṣeé gbé, àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní òṣùwọ̀n tó lè gbà á dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oògùn àti ìṣirò rẹ̀

Pyrantel ń pa aràn gígùn àti ẹlẹ́nu-ìwọ̀. Mílígíráàmù 5 fún kílò kan ni. Tí wọ́n bá kọ 250mg/5ml sára ìgò olómi rẹ̀, mílígíráàmù 50 ló wà nínú mílílítà kan, nítorí náà kílò kan gba mílílítà 0.1: ọmọ ajá kílò 3 á mu 0.3, ajá kílò 10 á mu 1. Sírínjì mílílítà 1 tó ní ìlà wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, torí ìgò kì í ki bákan náà.

Fenbendazole ń pa méjèèjì yẹn, ó tún ń pa aràn onípàṣán. Mílígíráàmù 50 fún kílò kan, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, pẹ̀lú oúnjẹ. Èyí tí wọ́n kọ 10% sí lára ní mílígíráàmù 100 nínú mílílítà kan, nítorí náà ajá kílò 10 á mu mílílítà 5 lójúmọ́. Ẹni tó bá lò ó lọ́jọ́ kan tó dáwọ́ dúró kò tíì ṣe é. Tó bá jẹ́ onípàṣán ni ẹ ń lé, ẹ tún ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Praziquantel ló wà fún aràn pẹlẹbẹ, mílígíráàmù 5 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan. Fenbendazole kì í pa èyí tó ń bá iná ajá wá.

Oògùn oníhóró tó kó praziquantel mílígíráàmù 50, pyrantel 50 àti febantel 150 pọ̀ (àwọn mìíràn á kọ pyrantel embonate 144, ọ̀kan náà ni) ló rọrùn jù fún ajá àgbà: hóró kan fún kílò 10, ààbọ̀ fún kílò 5, kan àbọ̀ fún ajá kílò 13 tí a ṣírò lókè yìí.

Piperazine aràn gígùn nìkan ló mọ̀. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ pyrantel, torí ọ̀kan ń ba iṣẹ́ èkejì jẹ́.

A fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún màlúù àti ewúrẹ́ ki gan-an, mílígíráàmù 10 ló sábà ń wà nínú mílílítà kan. Àṣìṣe ìlà kan péré lára sírínjì lè mú kí ajá fọ́ lójú, kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kó má lè dìde mọ́. Àwọn irú ajá bíi Collie kò lè gbà á rárá, ajá tó sì dàpọ̀ mọ́ irú wọn kì í kọ ọ́ sójú. Levamisole ti ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú, àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n tó ń pani kéré jọjọ. Epo kẹrosíìnì, epo ẹ́ńjìnnì àti aáyù kì í pa aràn. Aáyù àti àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nígbà tí ẹlẹ́nu-ìwọ̀ ti ń mu èyí tó kù lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífún un

Ẹ mi ìgò olómi dáadáa, torí oògùn máa ń sìn sí ìsàlẹ̀. Tí ẹ kò bá mì í, àwọn tó kọ́kọ́ mu ún á mu omi lásán, ẹni ìkẹyìn á mu àmujù. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sírínjì, ẹ ti sírínjì bọ igun ẹnu ajá, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù, ẹ má sì rọ ọ́ sọ́nà ọ̀fun, kó má bàa lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti hóró, ẹ ṣe òkèlè iyán kéékèèké mẹ́ta. Ẹ ju èyí tí kò ní nǹkan sí i, kí èyí tó ní oògùn tẹ̀ lé e, kí ìkẹta sì ti wà lọ́wọ́ yín níwájú rẹ̀; ó máa yára gbé ti àárín mì kó lè gba ìkẹyìn. Èyí tó bá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀, ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ fi hóró sí ẹ̀yìn ahọ́n, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ máa fọwọ́ ra á lọ́fun títí yóò fi lá imú.

Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ lè rí aràn gígùn nínú ìgbẹ́. Ẹ kò ní rí ẹlẹ́nu-ìwọ̀, aràn pẹlẹbẹ sì sábà máa ń dà nínú ìfun. Nítorí náà, ẹ má fi àìrí aràn sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, kí ẹ wá tún un lò lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíka ọjọ́

Ẹ tún pyrantel tàbí oníhóró lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí ọmọ aràn tó wà nínú ẹran ara lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á ti dé inú ìfun. Ní ti ẹlẹ́nu-ìwọ̀, ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ: àwọn tó sùn sínú ẹran ara máa ń jáde wá rọ́pò èyí tí oògùn pa.

Ọmọ ajá ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀: ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá fún àwọn ọmọ ni kí ẹ fún ìyá, nítorí ó ń lá ìdí wọn, ó sì ń kó aràn wọn jẹ. Gbogbo ajá inú ilé, ọjọ́ kan náà. Dókítà tún lè fún abo tó lóyún ní fenbendazole, mílígíráàmù 25 fún kílò kan lójoojúmọ́, láti ọjọ́ 40 oyún títí dé ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bímọ. Ó ń dín ohun tí ìyá máa kó ran ọmọ kù gan-an.

Ilẹ̀

Ẹyin aràn gígùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilẹ̀ kó tó gbó. Tó bá ti gbó, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ti ẹlẹ́nu-ìwọ̀ máa ń tó í ran ajá láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa á. Ìdí nìyí tí kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì ju oògùn kankan lọ: ẹ kó ẹyin kúrò kó tó gbó. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn, tó jìnnà sí kànga, ẹ máa sin ín síbẹ̀. Ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́, ẹ má sì gbá a sí gọ́tà kí òjò gbé e lọ síwájú ilé ẹlòmíràn.

Ẹ gé ẹ̀ka tó ń ṣíji bo ibi tí ajá ń sùn, kí oòrùn lè débẹ̀. Tí agbára bá wà, ẹ da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ilé rẹ̀, kí apá kan rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ máa gbo ó, kí ẹ sì da omi tó ń hó lé e. Jíìkì kì í pa ẹyin aràn gígùn. Àkísà tó ń sùn lé, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ibẹ̀ ni ọmọ iná ajá ń gbé, tí iná kò bá sì kúrò lára ajá, aràn pẹlẹbẹ á padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìfun ẹran, ẹ sè é jinná kí ẹ tó fún un.

Àwọn ọmọ inú ilé

Aràn gígùn ajá lè wọ inú èèyàn, ó lè dé ẹ̀dọ̀, ó sì lè dé ojú ọmọdé kó ba ìríran rẹ̀ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ajá ń yà sí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun. Ẹlẹ́nu-ìwọ̀ ajá náà ń wọ awọ ẹsẹ̀ èèyàn. Ìlà pupa wínníwínní tó ń yún, tó sì ń gùn sí i lójoojúmọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dá a ṣe

Ọmọ ajá tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ tutù, tí kò lè mu ọmú; ajá tí ikùn rẹ̀ le tó sì ń bì láìdáwọ́ dúró, torí aràn púpọ̀ lè dí ìfun pa; ajá tó ń gbọ̀n tàbí tó ń da itọ́ lẹ́yìn oògùn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e kí ara rẹ̀ lè móoru, ẹ má fún un ní oògùn mìíràn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìgò tàbí páálí oògùn tó lò. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára. Tí kò bá sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é nítòsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá ajá náà lè rin ìrìn àjò dé ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ sì ní kó pè wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.